Ọ̀pẹ Tó Ti Hù àti Èyí Tí Yóò Hù

Ẹnu ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. N kì í ṣe oníwàásù, n kì í ṣe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni rí. Ọjà ni mo ń ná. Kì í kúkú ṣe ọjà ata. Bí orílẹ̀-èdè wa bá fẹ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn òwò, wọ́n ní láti fẹnu kò lórí ẹrù tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde, lórí owó tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gbà ní ibodè, àti lórí iṣẹ́ tí àlejò lè wá ṣe nílé wa. Kí wọ́n tó fẹnu kò bẹ́ẹ̀, àwa kan wà tí ìjọba máa ń rán lọ jókòó sídìí tábìlì láti bá wọn fà á. Èmi Ọmọ́wùmí, ọmọ Igbódìgò nílẹ̀ Ìkálẹ̀, mo wà lára àwọn tí wọ́n ń rán.

Àwọn ará ilé kò mọ ohun tí mo ń ṣe títí di òní. Màmá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, a máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa pé, “Ọmọ mi ń bá òyìnbó ṣòwò ní Abuja.” Bí wọ́n bá bi í pé kí ni mo ń tà, a ní, “Kò ta nǹkan kan. Ó kàn ń bá wọn jiyàn ni.” Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò, màmá mi a kúnlẹ̀ láìwọ bàtà, a ní kí Olúwa fún mi ní ẹnu Áárónì, kí ó sì fi sùúrù kún un. Ẹnu ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó mọ̀. Sùúrù gan-an ló ń tọrọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Alhaji Bùbá, ará Òkè-Ọya, ọkùnrin gbọọrọ kan tó máa ń jẹ dàbínù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé ẹnu rẹ mú.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́, Ọ̀gá?”

Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ bínú ni yóò sanwó ọjà.” Èmi tí ìbínú mi kì í jìnnà! Mo rò ó nínú ara mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni n óò lò níbẹ̀ tí wọn yóò fi lé mi padà sí Òkìtìpupa.

Alhaji kò lé mi. Ó fi sùúrù kọ́ mi, ó ń jẹ dàbínù rẹ̀, ó ń ju kóró rẹ̀ sínú ife. Ohun àkọ́kọ́ tó fi yé mi ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ àdéhùn òwò. Ní ọ̀nà kìíní, ẹ óò ka ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí fún àlejò, èyí tí ẹ kò bá kà wà ní títì. Ní ọ̀nà kejì, gbogbo ilẹ̀kùn ilé ló ṣí sílẹ̀, àyàfi èyí tí ẹ bá kà pé ẹ tì. “Ọ̀nà kejì yẹn ni kí o máa bẹ̀rù,” ni Alhaji wí. “Tí o bá gbàgbé láti ka fèrèsé kan ṣoṣo, ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe olè mọ́. Ó ti di ọmọ ilé.” A máa ń pe ohun tí a bá kà pé a tì yìí ní ohun tí a yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yíyọ sílẹ̀ yìí ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi lọ́dún kan, òun náà ló sì fún mi ní ayọ̀ tó pọ̀ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè ńlá kan lókè òkun, tí n kò ní dárúkọ, fẹ́ bá wa ṣe àdéhùn. Kòkó ló gbé àwa dé ọ̀dọ̀ wọn. Kòkó tútù tiwa, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ wa láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí a bá ti lọ̀ ọ́ nílé, tí a fún òróró rẹ̀, wọ́n á bu owó ibodè lé e tí kò ní tà mọ́. Èrè wà nínú lílọ̀. A fẹ́ kí wọ́n mú owó ibodè náà kúrò. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wa, ohun náà sì ni etí wa àti ojú wa. Wọ́n fẹ́ kí fíìmù wọn, orin wọn àti eré orí tẹlifíṣọ̀n wọn máa wọlé láìsí ìdíwọ́. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba wa má ṣe sọ fún rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n kankan pé kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ti ilé, kí ó má sì fi owó ran àwọn òṣèré tiwa lọ́wọ́ láìran tiwọn.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè ní, kí ló burú níbẹ̀? Ṣé wọ́n fi okùn de ẹnikẹ́ni pé kó wo fíìmù ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Eré tí àwọn yẹn ti ṣe, wọ́n ti jẹ èrè rẹ̀ tán nílé wọn. Iyekíye tí wọ́n bá tún tà á fún wa, èénì ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa lè ra odidi ìdìpọ̀ rẹ̀ ní owó tí kò tó èyí tí a óò fi bọ́ àwọn òṣèré tiwa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ta ni yóò wá pe òṣèré ilé síṣẹ́? Bí ọjà bá rí báyìí, àfi kí onílé yọ ibìkan sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù wá lọ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kì í sì í tì wọ́n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ni Akínwálé, ọmọ àbúrò bàbá mi. Òkìtìpupa ló ń gbé, eré orí rédíò ló ń ṣe, ní èdè Ìkálẹ̀. Mo ní èdè Ìkálẹ̀ o, kì í ṣe Yorùbá ilé ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kí gbogbo ayé lè kà á. Àwọn òṣèré rẹ̀ ni tíṣà kan, àgbẹ̀ bíi mélòó kan, àti àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru. Eré náà dùn! Ṣùgbọ́n rédíò kankan kò gbà á. Wọ́n á ní kó máa bọ̀, kó máa lọ, wọ́n á wá fi eré òkèèrè tí wọ́n rà lọ́pọ̀ dí àyè rẹ̀. Ọ̀gá rédíò kan sọ ọ́ sí i lójú pé èdè Ìkálẹ̀ kò tà.

Kí ìpàdé tó gbẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja, mo sáré wálé fún òpin ọ̀sẹ̀. Akínwálé gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi, ó jókòó, kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ fi wá pààrọ̀ kòkó?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ẹgbẹ́ òṣèré wa ló sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n ní ìjọba ti gbà.”

“Ìjọba kò tíì gba nǹkan kan. Jẹun, jọ̀ọ́.”

“N ò jẹ. Ẹ gbọ́ mi ná. Wọn ò gba eré mi lónìí, mo mọ̀, kò dùn mí jù. Mo ní ìrètí pé lọ́jọ́ kan ìjọba tó láàánú wa yóò dé, yóò ní kí gbogbo rédíò fi àyè sílẹ̀ fún èdè ilé. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Tí ẹ bá wá lọ fọwọ́ sí i pé ìjọba kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, kí ni mo tún ń dúró ṣe?”

Mo sọ fún un pé n kò lè ṣèlérí, torí èmi kọ́ ni olórí ikọ̀, ìránṣẹ́ sì ni gbogbo wa. Ó ní, “Ẹ má ṣèlérí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn má sùn lórí àga wọn.” Ló bá wá fa àwo tirẹ̀ mọ́ra, ó jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ mọ́tò padà sí Abuja, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ronú.

Òtẹ́ẹ̀lì kan la ti ń ṣe ìpàdé náà. Olórí ikọ̀ wọn jẹ́ obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wo ènìyàn láti orí gíláàsì ojú rẹ̀. Èmi àti Alhaji sọ ọ́ ní Ìyá Onígíláàsì láàárín ara wa. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í pariwo, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀nà kejì, ìyẹn ọ̀nà gbogbo-ilẹ̀kùn-ló-ṣí, ni wọ́n fi dandan lé, àwa sì ti gbà. Ohun tí a wá ń jà fún ni pé kí a yọ sinimá, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, orin àti ìwé sílẹ̀.

A fà á títí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Onígíláàsì tẹ́ ọwọ́ síwájú, ó ní àwọn gbà. Orílẹ̀-èdè wa lè pa gbogbo òfin tó ní lórí nǹkan wọ̀nyí mọ́ bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ lónìí, ẹnikẹ́ni kò ní bi wá. Àwọn èèyàn wa pàtẹ́wọ́. Alhaji sọ dàbínù sẹ́nu, ẹ̀rín bọ́ sójú rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí gbá mi léjìká, ó ní, “A ti yege!”

Èmi nìkan ni inú mi kò dùn. Bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ lónìí? Òfin wo ló wà nílẹ̀ lónìí? Òfin tiwa nígbà yẹn dà bí ajá tí kò léyín. Ó ń gbó, ẹnikẹ́ni kì í sá fún un. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí a máa bọ́ ajá aláìléyín yìí lọ, kí a má sì ra òmíràn. Ìrètí tí Akínwálé ń dúró dè wà lọ́jọ́ iwájú, ọjọ́ iwájú náà ni wọ́n sì tì mọ́ ọn níta. Ọ̀rọ̀ bàbá mi àti ọ̀pẹ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa kò ní mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pẹ ni ọlá ilẹ̀ wa. Bí àlejò bá wá tọrọ ilẹ̀ oko, a óò fún un kí ó gbin ẹ̀gẹ́, kí ó gbin àgbàdo, kí ó rí nǹkan fi bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ yóò sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí pé, “Ilẹ̀ ni mo fún ọ, n kò fún ọ ní ọ̀pẹ.” Bàbá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan tó fún nílẹ̀ létí odò. Ó ní, “Àwọn ọ̀pẹ tó wà níbí yìí, tèmi ni wọ́n.” Ọkùnrin náà gbà, wọ́n jẹ obì sí i. Ọdún ń gorí ọdún, ẹyẹ ń gbé ẹyìn kiri, òkété ń gbé ẹyìn kiri, ọ̀pẹ tuntun ń hù níbi tó wù wọ́n, títí wọ́n fi pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìgbà tí bàbá mi mú akọ̀pẹ lọ síbẹ̀, ọkùnrin náà ní, “Baba, àwọn tó wà nígbà yẹn lẹ pè ní tiyín. Ìwọ̀nyí, èmi ni mo ro ìdí wọn tí wọ́n fi dàgbà.” Wọ́n gbé e dé iwájú àwọn àgbà. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ohun tí ẹnu bàbá mi kò yọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọ̀pẹ tuntun náà sí méjì. Ó dun bàbá mi wọnú egungun. Láti ìgbà náà, kò tún fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ láìsọ pé òun yọ ọ̀pẹ tó ti hù àti èyí tí yóò hù.

Ara mi gbóná, n kò lè dákẹ́. Mo nawọ́ sókè, n kò tilẹ̀ wo ojú ọ̀gá mi. Mo ní, “Madam, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ní ìlú tèmi, tí a bá fún àlejò nílẹ̀, a kì í fún un ní ọ̀pẹ. Kì í ṣe èyí tó ti hù nìkan, títí kan èyí tí yóò hù. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ tí yóò hù yìí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ.” Mo sì jókòó, mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Ìyá Onígíláàsì kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò fèsì lọ́la.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a bá ojú tuntun nídìí tábìlì wọn. Ọkùnrin sanra kan ni, tó gbé ìwé gègèrè síwájú. Ìyá Onígíláàsì ní kí a kí i káàbọ̀, pé ọ̀gá wọn tó mọ̀ nípa epo pupa ni, òun ni wọ́n ránṣẹ́ sí kíá lánàá nítorí ìbéèrè wa. Ọkùnrin náà ṣí ìwé, ó fa kálámù yọ. Ó ní inú àwọn dùn pé orílẹ̀-èdè wa ti ṣe tán láti jíròrò ọ̀rọ̀ epo.

Yéè! Ilẹ̀ ìbá lanu kí ó gbé mi mì. Kò sẹ́ni tó bá wa sọ ọ̀rọ̀ epo pupa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa gan-an ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ń jẹ lára rẹ̀. Alhaji rọra yí sí mi. Ó ní, “Ọmọ́wùmí, ta ló rán ọ ní epo?”

Mo ní, “Ọ̀gá, n kò mẹ́nu ba epo. Òwe ni mo pa.”

Ó ní, “Nínú àdéhùn òwò? O pa òwe?” Ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ìwé rẹ̀, n bá sì fọ́ ọ létí ká ní ilé la wà.

Mo dìde. Mo bẹ ọkùnrin sanra náà pé kó má bínú, kò sí epo níbẹ̀, sinimá ni. Ó ní, “Sinimá ti ọ̀pẹ?” Mo wá rọra sọ ìtàn bàbá mi àti ọkùnrin etí odò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe jẹ obì, bí òkété ṣe gbé ẹyìn, bí àwọn àgbà ṣe dá ẹjọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń là. Kí n tó parí, ó ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu tábìlì. Ọmọ àgbẹ̀ lòun náà. Ó ní bàbá òun àti aládùúgbò wọn kò kí ara wọn títí ikú fi dé, nítorí igi eléso kan tó lalẹ̀ hù lẹ́bàá ọgbà. Ó wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, ó ní, “Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òfin tí wọ́n ní lónìí nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ yọ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ èyí tí wọn yóò ṣe lọ́la pẹ̀lú.”

Ìyá Onígíláàsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. N kò rí i kó yọ ọ́ rí. “Òfin tí ẹ kò tíì ṣe?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Madam. Fún ohun tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń wo eré. A kò mọ ibi tí wọn yóò ti máa wò ó lọ́la.”

“Ìyẹn gbòòrò jù.”

“Ọ̀pẹ kì í sọ ibi tí yóò hù fún ẹnikẹ́ni, Madam.”

Ó tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kò ní fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ibodè orí kòkó lílọ̀ tí àwọn fẹ́ mú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yóò máa mú un kúrò, ọdún dé, ọdún lọ. Kí a lọ rò ó.

Alhaji fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jẹ dàbínù. Ó ní, “Kòkó ni wọ́n rán mi wá gbà. Ṣé kí n padà lọ sọ pé mo gba eré?”

Mo ní, “Ọ̀gá, kòkó ń bọ̀. Kò ní yá bí a ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ lónìí ni kò ní padà wá mọ́.”

“Ta ni yóò lọ sọ fún àwọn àgbẹ̀ kòkó? Ìpínlẹ̀ Oǹdó yín ni wọ́n pọ̀ sí.”

“Èmi ni n óò lọ.” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó dáadáa.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí. Ó ní ìyá òun mọ àlọ́ débi pé gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń wá jókòó sínú ọgbà wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òun ní Abuja mọ orin ilẹ̀ òkèèrè, wọn kò mọ ẹyọ àlọ́ kan. Ó ní ẹ̀bi òun ni díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó pe mínísítà. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń gbàdúrà ní gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀. Wọ́n jiyàn, mo gbọ́ ohùn mínísítà láti ibi tí mo wà. Nígbà tí Alhaji padà wá bá mi, ó kàn ní, “Lọ sọ fún wọn pé a yọ ọ̀pẹ tí yóò hù.”

Bó ṣe wọ inú àdéhùn nìyẹn: òfin tó wà nílẹ̀ àti èyíkéyìí tí ìjọba wa bá ṣe lẹ́yìn ọ̀la, ọ̀nà yòówù tí eré, orin tàbí ìwé bá gbà dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo fọ ojú mi, mo tún ìpara kùn. Ojú kò tì mí.

Mo lọ bá àwọn àgbẹ̀ kòkó bí mo ṣe ṣèlérí. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ìgbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá. Bàbá kan na ọ̀pá sí mi bí ẹni pé yóò fi gún mi lójú, ó ní, “Eré la óò wá máa jẹ báyìí?” Wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi, mo gbọ́ ọ, mo kúnlẹ̀, n kò bínú, torí wọ́n ní ìdí. Mo sọ fún wọn pé ọmọ àgbẹ̀ ni èmi náà, mo sì sọ ìtàn ọ̀pẹ. Bàbá tó na ọ̀pá yẹn kan náà ló mí kanlẹ̀ nígbẹ̀yìn, tó ní, “Ó dáa, a óò dúró. Ṣùgbọ́n kí eré náà dùn o!”

Wọ́n dúró, owó ibodè náà sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Alhaji fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Kí ó tó lọ, ó sọ ọ́ di àṣà ní ọ́fíìsì wa pé ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó bá kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a yọ sílẹ̀ wá, a óò bi í pé, “Èyí tí yóò hù ńkọ́?” Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ṣì ń béèrè rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ibi tó ti wá, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ọya ni.

Lẹ́yìn tí èmi náà ti fẹ̀yìn tì padà sílé, ìjọba mìíràn wọlé, ó sì ṣe òfin pé kí gbogbo rédíò máa fi àyè gidi sílẹ̀ fún eré àti orin ní èdè àdúgbò. Mo gbọ́ pé àwọn ará òkè òkun kọ̀wé wá láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ló dá wọn lóhùn. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ padà ka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́. Ọmọ yẹn pè mí lórí fóònù láti ròyìn fún mi, mo sì fi ariwo ayọ̀ lé adìẹ kúrò ní àgbàlá.

Láìpẹ́ yìí, mo gun ọ̀kadà láti Òde-Ìrèlè lọ sí Àjàgbà láti lọ ra pupuru lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan án. Wọ́n to pupuru rìbìtì-rìbìtì sórí iná, èéfín ń ta wọ́n lójú, kò sì sẹ́ni tó kí mi dáadáa. Rédíò kékeré kan ló wà lórí àpótí, gbogbo wọn dorí kọ ọ́. Eré Akínwálé ni! Ní èdè Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, ní ọ̀sán gangan, lórí rédíò tí ọ̀gá rẹ̀ ní èdè wa kò tà. Obìnrin kan nínú eré ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí ẹja tí ọkùnrin náà gbé fún àlè.

Orí mi wú. N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi wà lára àwọn tó jà kí irú eré yìí tó lè—”

Èyí àgbà nínú wọn gbé ọwọ́ dúdú fún èédú sókè sí mi, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ó máa wí.”

Ọkọ inú rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ pé ológbò ló jẹ ẹja náà. Gbogbo obìnrin tó wà nídìí iná hó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bú u bí ẹni pé ó wà láàárín wọn. Mo fa àpótí kan mọ́ra, mo jókòó, èmi náà sì bá wọn bú u.